Ẹ má sá fún ẹ̀rọ ọkàn

Ẹ̀yin ará, àwọn kan ń sá fún ẹ̀rọ tí dókítà fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù. Wọ́n ní wáyà rẹ̀ ń ti iná bọ ara ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọkàn gan-an ni iná náà ti ń wá. Òun ló ń mú ọkàn lù. Ó kéré púpọ̀, bí ìdá kan nínú 1.000 agbára bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ kàn ń gbà á, ó sì ń fà á bí ìlà sórí ìwé.

Augustus Waller ló kọ́kọ́ gba irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1887. Ó ń mú Jimmy, ajá rẹ̀, dúró sínú omi iyọ̀ láti fi ṣe é. Iná kò gbé ajá náà!

Ẹni tó bá sá, àrùn ọkàn lè máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin dókítà náà, ẹ ṣàlàyé fún àgbàlagbà kí ẹ tó so wáyà mọ́ ọn láyà.