Kànga Kan Fún Ogójì Kọ̀ǹpútà

Mo lòdì sí i, n ó sì wí i ní gbangba. Àwọn tó ń rọ̀ wá ní Àrẹ̀mọ níbí pé kí á dáwó ra ogójì kọ̀ǹpútà tí kò ní dísìkì fún àwọn ọmọ wa tó ń múra ìdánwò JAMB, wàhálà ni wọ́n fẹ́ rà fún wa.

Kọ̀ǹpútà tí ẹ mọ̀ máa ń tọ́jú iṣẹ́ sínú ara rẹ̀. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àká. Àká rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ àgbà kan, server, tí wáyà so gbogbo wọn mọ́. Agboolé tó ń pọnmi nínú kànga kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ tí kànga bá gbẹ, kò sẹ́ni tí yóò dáná.

Wọ́n ní ọgbọ́n tuntun ni. Tuntun bíi ti báwo? Ilé-iṣẹ́ Sun ní Amẹ́ríkà ti ń ta irú rẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, nítorí dísìkì wọ́n gógó nígbà náà. Ní 1995, Larry Ellison, ọ̀gá Oracle, ń fọ́nnu nípa èyí tí kò ní ju 500 dọ́là lọ. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà gidi fúnra rẹ̀ fi wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 1,000 dọ́là, àwọn oníbàárà sì bá tiwọn lọ. Sun tún gbé Sun Ray jáde ní 1999. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó wúlò: bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, iṣẹ́ kankan kò sọnù. Ṣùgbọ́n ibi tí iná kì í kú ni, tí òṣìṣẹ́ wà tó jẹ́ pé server nìkan ló ń ṣọ́. Ṣé Àrẹ̀mọ nìyẹn?

Ẹ rántí ìdánwò JAMB ti 2025. Kì í ṣe àìní dísìkì ló fà á o. Àtúnṣe kan tó yẹ kí wọ́n ṣe sí àwọn server tó ń sin Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò ni wọn kò ṣe. Ọmọ 379,997, ní ibùdó 157, ni ọ̀rọ̀ náà kàn, tí wọ́n ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé sunkún lójú gbogbo ayé. Kí ni ọmọ mọ̀ nípa server? Òun ló ṣáà jìyà rẹ̀.

Ẹ bi oníṣòwò yín: server kejì ńkọ́? Bátìrì tí yóò gbé e títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi tàn ńkọ́? Ta ni a ó pè ní aago mẹ́jọ àárọ̀? Bí kò bá sí èsì, ẹ jẹ́ kí á fi owó wa ra ogún láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Kí ogún ọmọ jókòó, kí ogún dúró dè wọ́n. Bí ọ̀kan bá kú, mọ́kàndínlógún á ṣì máa ṣiṣẹ́.