Díìṣì kan, yàrá méjìlá: ibi tí owó ń gbà lọ

Àwọn tó ń ṣí òtẹ́ẹ̀lì kékeré àti ilé ìgbàlejò ní Ìkejà àti Agége máa ń béèrè iye tí wọ́n ń ta díìṣì. Èyí tí wọn kì í béèrè ni iye tí yóò ná wọn kí àwòrán tó dé yàrá tó gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lowó wà.

Láti Ọba Àkran dé Agídíngbi, láti Dọ̀pẹ̀mú dé ìsàlẹ̀ afárá Pen Cinema, ó ṣọ̀wọ́n kí àlejò wọ yàrá kó má kọ́kọ́ wá rìmóòtù. Awakọ̀ tó wá kó ẹrù nílé iṣẹ́ ni o, ẹni tó wá tún ẹ̀rọ ṣe ni o, oníṣòwò tí ilẹ̀ ṣú mọ́ ní Computer Village ni o, gbogbo wọn ló fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyẹn tí onílé fi ń sáré pe ẹni tó ń so díìṣì, tíyẹn á sì dá owó kan ṣoṣo lé gbogbo iṣẹ́ náà, pé gbogbo yàrá ni yóò ríran. Owó àdápọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò dára, nítorí kò sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n fi ra wáyà nínú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ owó iṣẹ́.

Ohun tó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé díkódà kan, ìkànnì kan ni. Bí wọ́n bá fi splitter pín àwòrán láti ara díkódà tó wà níwájú ilé, ohun tí ọmọbìnrin tó ń gba àlejò bá ń wò ni gbogbo yàrá yóò máa wò. Ẹni tó wà ní yàrá kẹta ń wá Arsenal, ìyàwó ẹni tó wà ní yàrá keje ń wá Africa Magic Yorùbá, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Bí Rediffusion tí àwọn òyìnbó gbé dé Èkó ní 1935 ṣe rí náà nìyẹn, wáyà wọ ilé gbogbo èèyàn, ohùn kan náà ni wọ́n sì ń gbọ́. Fún ilé ọtí, èyí kò burú rárá, ó tiẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ṣe jù ú lọ. Òtẹ́ẹ̀lì ni kò bá mu.

Àwọn míì wá ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní díkódà tiẹ̀. Wọn kì í sọ fún wọn pé splitter lásán kò lè ṣe é. Díkódà kọ̀ọ̀kan ló ń fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ sí LNB, ìyẹn ojú díìṣì, gba inú wáyà kan náà tí àwòrán ń gbà bọ̀. Bó bá fẹ́ ìkànnì apá kan, á fi 13 fóòtì ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ ti apá kejì, á fi 18 fóòtì ránṣẹ́. Bí díkódà méjì bá ń bá ara wọn fa wáyà kan, ọ̀kan á borí, èkejì á máa kọ E48-32 sójú tẹlifíṣàn. LNB olójú méjì wà, olójú mẹ́rin náà wà. Bí yàrá bá ti ju mẹ́rin lọ, multiswitch ni wọ́n ń fi sáàárín, tí wáyà tirẹ̀ yóò sì máa lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, DStv gbé owó Compact kúrò ní N15,700 lọ sí N19,000 lóṣù. Yàrá 12 lọ́nà N19,000 jẹ́ N228,000 lóṣù, N2,736,000 lọ́dún. Ìyẹn ni pé kí yàrá kan tó mú èrè kankan wálé, nǹkan bíi N633 ló ti bá tẹlifíṣàn lọ lálẹ́ kan, bó bá sì jẹ́ ìdajì yàrá ló ń rí àlejò, ó ti ju N1,260 lọ. Èyí kò tíì kan owó ẹ̀rọ.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá ti ń lò tipẹ́. Wọ́n á to díkódà mẹ́rin tàbí márùn-ún síbì kan, kálukú lórí ìkànnì tirẹ̀, wọ́n á fi modulator da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí wáyà kan, àlejò á sì máa fi rìmóòtù tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ yí i. Díkódà mẹ́rin lórí ìṣirò kan náà jẹ́ N76,000 lóṣù. Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló wúwo, ṣùgbọ́n fún ẹni tí yàrá rẹ̀ ti ju mẹ́wàá lọ, èyí ló mọ́gbọ́n dání jù.

Àmọ́ ṣá o, owó ilé gbígbé ni N19,000 yẹn, ìwọ̀n lásán ni ká fi ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà ní ètò ọ̀tọ̀ fáwọn oníṣòwò, DStv Business, ẹni tó bá sì ń fi káàdì ilé ṣe òwò ti tàpá sí àdéhùn tó fọwọ́ sí. XtraView náà, tó ń so díkódà pọ̀ mọ́ owó oṣù kan, ilé gbígbé ni wọ́n ṣe é fún. Kí onílé béèrè iye tòótọ́ kó tó na kọ́bọ̀ kan sórí díìṣì, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún àfikún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ní Àbújá bu ìtanràn mílíọ̀nù 150 náírà lé MultiChoice, ó sì ní kí wọ́n fún àwọn oníbàárà ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pé ọdún kan tí owó tún fi gòkè.

Iná mànàmáná náà ń jẹun níbẹ̀. Ká ní díkódà kan ń lo wáàtì 10, méjìlá tí wọn kì í pa tọ̀sán-tòru á jẹ nǹkan bíi yúnítì 2.9 lójoojúmọ́. NERC gbé owó Band A lọ sí N225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Bí a bá tiẹ̀ fi N200 ṣírò rẹ̀, ó ti ju N17,000 lọ lóṣù. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé e yóò san jù bẹ́ẹ̀.

Wáyà ló wá kù, òun gan-an ló sì yẹ kí onílé na owó gidi lé. Àwọn tó ra díkódà HiTV lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà gba bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2007 mọ ohun tí ojú wọn rí nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2010, tí òun náà sì kógbá sílé lẹ́yìn náà. Díkódà di ìjókòó eṣinṣin, ṣùgbọ́n wáyà tó wà nínú ògiri ṣì wúlò fún ẹlòmíì. Kí wọ́n ra RG6 tí inú rẹ̀ jẹ́ bàbà pọ́nbélé. Irin tí wọ́n fi bàbà bò pọ̀ ní Alábà, òòfà ló ń tú u fó: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Irú ẹ̀ kì í jẹ́ kí iná tí díkódà ń rán dé ojú díìṣì dáadáa bí ọ̀nà bá jìn. Róòlù kan jẹ́ 305 mítà. Yàrá 12, bí ìkọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mítà 25, 300 mítà ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá kọ róòlù mẹ́ta sílẹ̀ fún irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ibi tí wáyà yòókù ń lọ hàn.

Fún àwọn tó ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ọkọ́-Ọba àti Ìjú, kí wọ́n ní kí birikilà ki páìpù sínú ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan kó tó rẹ́ ẹ, páìpù tó gba wáyà méjì. Ọ̀kan fún tẹlifíṣàn, ìkejì fún íntánẹ́ẹ̀tì.