Amọ̀ Kan Náà, Ògiri Wó, Ìkòkò Kò Yọ́

Ní Parakou níbí, oṣù kẹjọ ọdún ni òjò máa ń fi bí agbára rẹ̀ ti tó hàn wá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, irú òjò bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ògiri ilé amọ̀ kan ní àdúgbò wa ti wó. A dúpẹ́ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ìgbà ìsinmi ni, ṣùgbọ́n ó wá bá wa nílé, ó ní: «Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́ wa, ìkòkò omi ìyá àgbà mi ti wà kí wọ́n tó bí mi, omi kì í sì í tán nínú rẹ̀. Amọ̀ etí odò kan náà ni wọ́n fi mọ ìkòkò yìí àti ògiri wa. Kí ló dé tí omi fi jẹ ògiri tí kò jẹ ìkòkò?»

A la ẹnu láti dá a lóhùn ní èdè Faransé, bí wọ́n ti kọ́ àwa náà: liaison covalente, liaison hydrogène. Ọmọ náà mọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sórí. Ó ti fi wọ́n gba máàkì tó dára lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò rí ohun tó pa wọ́n pọ̀ mọ́ ògiri bàbá rẹ̀, ẹ̀bi náà sì pọ̀ lọ́rùn àwa ju tirẹ̀ lọ. Èyí ni ìdáhùn tí ó yẹ kí a fún un lọ́jọ́ náà.

Gbogbo ohun tí ọwọ́ lè bà, átọ́ọ̀mù ni a fi ṣe é. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó yí i ká, àwọn tó wà lóde pátápátá nínú wọn ni átọ́ọ̀mù fi ń bá ẹnìkejì rẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1916, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Gilbert Lewis là á yé ayé pé átọ́ọ̀mù méjì lè jọ ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì papọ̀, kí àjọní náà sì di ìdè láàárín wọn. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Báyìí náà ni sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ṣe rí nínú amọ̀. Sílíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan di ọ́síjìn mẹ́rin mú, ìdè náà sì le gan-an. Ti iyọ̀ yàtọ̀: níbẹ̀ ọ̀kan fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ fún èkejì, wọ́n sì ń fa ara wọn. Ti irin tún yàtọ̀, gbogbo átọ́ọ̀mù ló ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ bí ará àdúgbò ṣe ni kànga, ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ fi lè lù ú kí ó tẹ̀ láì fọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí amọ̀. Bí ojú wa bá lè rí i, pẹlẹbẹ kéékèèké ni a óò bá nínú rẹ̀, wọ́n tinrín tó bẹ́ẹ̀ tí a óò fi to ẹgbẹẹgbẹ̀rún lé ara wọn kí wọ́n tó pé mìlímítà kan. Nínú pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, ìdè líle ni. Láàárín pẹlẹbẹ kan àti èkejì, ìfà tí kò lágbára ni, bí èrò tí wọ́n há mọ́ra nínú ọkọ̀ Cotonou: wọ́n sún mọ́ra, ṣùgbọ́n wọn kò bá ara wọn tan. Omi sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mólékù omi ní ọ́síjìn kan àti háídírójìn méjì, apá kan rẹ̀ sì ń fa ohun tí apá kejì ń tì, nítorí náà ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara pẹlẹbẹ. Nígbà tí a bá po amọ̀, omi wọ àárín wọn, wọ́n ń yọ̀ lórí ara wọn, amọ̀ sì gba ìrísí tí a bá fẹ́. Oòrùn gbẹ ẹ́, omi jáde, pẹlẹbẹ súnmọ́ra, ògiri le. Òjò dé, omi tún padà síbi tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ògiri náà kò yọ́ bí òrí ṣe ń yọ́ nínú ooru oṣù kẹta. Ó tú ká ni.

Iná ni ó yí ọ̀rọ̀ ìkòkò padà. Bí ooru bá ti wà láàárín ìwọ̀n 450 sí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í ṣe omi tí a fi po amọ̀ nìkan ni ó lọ. Háídírójìn àti ọ́síjìn tó jẹ́ ara pẹlẹbẹ fúnra rẹ̀ yóò jáde bí oruku omi. Àwọn átọ́ọ̀mù tó kù yóò wá ìdè tuntun, pẹlẹbẹ yóò sì di ìbátan pẹlẹbẹ. Omi kò lè tú irú ìdè bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Sè, ní gúúsù orílẹ̀-èdè wa, kò dúró de ìwé wa kí wọ́n tó mọ̀ pé ìkòkò tí iná kò jó tó yóò padà di ẹrẹ̀.

Ǹjẹ́ kí a wá máa tijú ilé amọ̀ bí? A kò gbà. Amọ̀ ni ààfin àwọn ọba Abomey, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 1985. Amọ̀ ni àwọn ilé Koutammakou, ti Togo ní 2004, tiwa ní Benin ní 2023. Àwọn Batammariba máa ń rẹ́ ògiri wọn, wọ́n sì ń fi omi èèpo èso igi irúgbá kùn ún. Ohun tó wà nínú omi náà ń di irin inú ilẹ̀ pupa mú, kí òjò má bàa tètè wọlé. A tún lè fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀, bí ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, po ilẹ̀ pupa, kí a tẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀rọ láìdá iná rárá. Ní ti ògiri aládùúgbò wa, páánù rẹ̀ kò yọ sí ìta tó, àgbàrá sì ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ́dọọdún. Wọ́n tún un mọ lórí òkúta, wọ́n sì fa páánù jáde.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ọmọ náà gbé àpáàdì kan àti èérún ògiri tó wó wá sí kíláàsì. A fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife omi. Kí a tó pe orúkọ tán, èérún ògiri ti di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ife. Àpáàdì kò yí padà, ṣùgbọ́n ìfófòó kéékèèké ń jáde lára rẹ̀. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn na ọwọ́ sókè, ó fẹ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ náà ti ń wá.