Kì í Ṣe Yúróòpù Ló Bọ́ Idẹ Lọ́wọ́ Ọmọ Wa



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń pàtẹ́wọ́ sí nígbàkúùgbà tí a bá pé jọ: pé Yúróòpù ń gba ọmọ lọ́wọ́ wa, pé ọmọ onífá tó bá lọ kàwé níbẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹni tí kò ní ẹ̀sìn kankan ni yóò bọ̀ wálé. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n irọ́ tó tù wá lára ni. Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní Bayreuth, ní Bàfáríà ilẹ̀ Jámánì, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè títí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kò bá ẹ̀sùn yìí mu.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú, bí òfin wọn ti wí. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ẹ̀sìn mi. Ọ̀rọ̀ owó ni: ìjọba ló ń bá ìjọ Kátólíìkì àti ti Pùròtẹ́sítáǹtì gba owó orí ìjọ, ní Bàfáríà ó sì jẹ́ ìdá 8 nínú 100 owó orí tí ènìyàn ń san lórí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi tó sìn mí lọ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní kí n kọ "kò sí". Mo kọ "Ìṣẹ̀ṣe". Obìnrin tó wà nídìí tábìlì béèrè bóyá ó wà lára àwọn ìjọ tó ń gba owó orí. Mo ní rárá. Ó tẹ òǹtẹ̀, ó pe ẹni tó kàn. Ẹlẹgbẹ́ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

N kò wẹ Yúróòpù mọ́ o. Mo mọ ohun tí wọ́n kó lọ́dọ̀ wa, mo sì mọ bí yàrá tó ṣófo ṣe máa ń kún lójijì nígbà tí onílé bá gbọ́ ohùn wa lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nínú ìlú Bayreuth yẹn kan náà ni Ulli Beier ti dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní 1981, tí wọ́n pè ní Iwalewahaus, nítorí pé ìwà ni ẹwà. Àwọn ará ìlú ń pe orúkọ náà láìtijú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ máa ń ṣì wọ́n. Àwọn ọmọ wa ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, Ifáṣọlá ń jẹ́ Shola. Ẹni tó ń fi èdè ṣiṣẹ́ mọ̀ pé orúkọ a máa kúrú. Olúwatóbi náà ń di Tóbi. Àmọ́ bí ẹ bá béèrè odindi orúkọ lọ́wọ́ Tóbi, yóò pè é jáde. Shola yóò ní Olúṣọlá ni òun. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà mọ́.

Mo mọ irú Shola bẹ́ẹ̀ kan, ọmọ babaláwo. Àwa àti kíláàsì kan jọ lọ sí Ulm, níbi tí ọpọ́n Ifá tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí a mọ̀ lónìí wà nínú mùsíọ́ọ̀mù. Allada, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Benin báyìí, ni ó ti wá. Ó sì ti wà lára àwọn ẹrù tí oníṣòwò Christoph Weickmann kó jọ kí wọ́n tó tẹ ìwé àkójọ wọn jáde ní 1659. Ojú Èṣù ń wò wá láti etí rẹ̀. Olùkọ́ wa yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó fi ọ̀wọ̀ bi í pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe nílé wọn.

"Iṣẹ́ ọnà ni," ó dáhùn. "Àwọn ará àtijọ́ ló ń lò ó."

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá ni ọjọ́ náà. Bí a ti dúró yẹn, ìyẹ̀rosùn wà lórí ọpọ́n bàbá rẹ̀ nílé. Èmi náà kò sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí oòrùn ń wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù, ó kan ilẹ̀kùn mi lóru. Bàbá rẹ̀ ti papò dà. Ìdánwò wà níwájú rẹ̀, kò sì sí owó bàálù. Ó di obì àbàtà mẹ́rin mọ́wọ́, èyí tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ rà ní Nuremberg, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ènìyàn ń sọ sí obì. Mo bu omi, mo jókòó tì í. Nígbà tí ó sunkún tán, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ láti máa fi ara rẹ̀ pamọ́.

"Bàbá mi ni, ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n bọ́ idẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ má baà fi ojú burúkú wò mí."

Ìfẹ́ ló mú bàbá yẹn ṣe é. Àwa náà ń ṣe é. Ìjọba Jámánì ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tó lé ní 11,000 yúrò ní báńkì fún ọdún kan kí ó tó gba físà. Bàbá ta ilẹ̀, ó kó o jọ. Ta ló jókòó ti ọmọ náà fún ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, kí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń bá Ifá sọ̀rọ̀ nígbà tí àgbà kankan kò sí nítòsí? Ó ti ru àpò Ifá rí, ó sì mọ orin gbè. Ibẹ̀ ni a dé.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń bú ńkọ́? Wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére fún àwọn ọmọ tiwọn, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà fóònù pásítọ̀ tó wà lọ́hùn-ún. Àwọn ló lọ pàdé Shola ní ibùdókọ̀ ojú irin pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì gbígbóná. Wọn kò jí i. A jù ú sílẹ̀, wọ́n ṣà á.

Àwọn kan yóò ní Ifá kò ṣeé bọ nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn baba wa tí wọ́n dè mọ́ra nínú ọkọ̀ ẹrú gbé e dé Kúbà láìsí àpò lọ́wọ́. Ọmọ tó wọ bàálù pẹ̀lú ẹrù 23 kílò ni kò ní lè gbé e dé Jámánì?

Kí ọmọ kan tó gbéra, ó yẹ kí ó lè fi omi àti obì nìkan ṣe ọ̀sẹ̀ rẹ̀, kí ó lè ka ọrọọrún fúnra rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà òyìnbó, kí ó sì lè sọ ẹni tí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ fún ẹni tó bá béèrè, láìwo ilẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó fún un. Lẹ́yìn náà, kí àgbà kan wà tí yóò gbé fóònù bí ó bá pè lóru.

Mo ti sin ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀tútù-ọ̀pọ̀n kalẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ lọ́dún yìí, kí ó mú un wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀, kí òun náà sì jókòó gbọ́.