Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí: ta ló yẹ ká bi léèrè?

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ POS ṣòwò nílẹ̀ wa. Bí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á tẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á wá gbójú sókè, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí." Gbogbo wa la sì ti ń gba ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni gba òjò, torí pé kò sẹ́ni tó ń bi òjò léèrè ìdí tó fi rọ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe òjò. Èèyàn ló ń tọ́jú rẹ̀, èèyàn náà ló sì ń pinnu pé òun ò ní náwó lé e lórí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ra ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà Bódìjà, n'Ìbàdàn, mo sì fi owó ránṣẹ́ sí i láti orí fóònù mi. Báńkì yọ owó lápò mi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n owó ò dé ọ̀dọ̀ ìyá. A dúró, a dúró, oòrùn ń pa wá. Nígbà tó yá, ìyá wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò ní o ò sanwó o, àmọ́ kí ni mo fẹ́ gbé lọ bá àwọn tí mo gba ọjà lọ́wọ́ wọn láwìn?" Kí ni mo fẹ́ wí? Mo fi ẹrù sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, nítorí pé owó ọkọ̀ gan-an wà nínú ohun tí báńkì yọ. Ọjọ́ kẹta lowó náà tó padà.

Mo fi ìbínú pe ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ jáde ilé ìwé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka IT ilé iṣẹ́ ìnáwó mìíràn. Mo rò pé ó máa bá mi bú wọn ni. Ohun tó sọ ni pé, "Ìwọ ṣì sùn nílé lánàá. Orí àga ní ọ́fíìsì ni mo sùn láti ọjọ́ Ọjọ́rú. Àwọn tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ti jápa, wọn ò fi ẹnì kankan rọ́pò wọn." Àtìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà, èrò mi sì ni pé ẹni tá à ń bínú sí kọ́ ló jẹ̀bi.

Ojú tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ nílẹ̀ wa fi ń wo àwọn ọmọ IT kò yàtọ̀ sí ojú tí èèyàn fi ń wo ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe. Bí omi bá ń yọ dáadáa, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ìgbà tí páìpù bá bẹ́ ni wọ́n ń ké pè é, tí wọ́n á sì bú u kó tó ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, lóde òní, kò sí iṣẹ́ kan tó kù ní báńkì, ní ilé ìwòsàn, ní ilé iṣẹ́ adójútòfò tàbí ní ilé iṣẹ́ bíà tí kì í gba ọwọ́ àwọn ọmọ yìí kọjá. Owó oṣù ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, ọwọ́ wọn ló ń gbà kọjá.

A rí àpẹẹrẹ rẹ̀ nígbà ọ̀wọ́ngógó owó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, kéde pé àwọn máa pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2023, owó ọwọ́ ti di àwátì, gbogbo Nàìjíríà ló kó ara wọn sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrù tí wọ́n gbé karí àwọn ẹ̀rọ náà lóṣù yẹn kọjá agbára wọn. Èèyàn á lówó ní báńkì, kò sì ní lè ra gààrí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló dá wa nídè ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tó ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni bi àwọn ọmọ IT báńkì léèrè kí wọ́n tó kéde ètò náà pé, ẹ̀rọ yín á lè gbé e? Bí wọ́n bá bi wọ́n, ó dájú pé wọn ò tẹ̀ lé ìdáhùn wọn.

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, tòkè òkun tún dé. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, mẹ́rin lára àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Báńkì dákú, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì di ibi tí wọ́n ti ń ṣeré. (MainOne yẹn, ọmọbìnrin tó kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀, Funke Opeke, ló dá a sílẹ̀, ọdún 2010 sì ni okùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá rántí bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn bí ìgbín kó tó dé, á kí obìnrin náà kú iṣẹ́.) Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo okùn ló já lọ́jọ́ náà. Okùn Glo-1 àti Equiano ti Google ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ọmọ IT rẹ̀ ti sọ fún ọ̀gá tipẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà méjì," tí ọ̀gá sì gbọ́, yára gbéra nílẹ̀. Ní ti àwọn tí ọ̀gá wọn ní ọ̀nà kan ti tó, orí ìjókòó ni wọ́n wà títí tí ẹni tí wọ́n ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ fi wá ọ̀nà mìíràn fún wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá ní tiwọn í sọ. Owó ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, wọn ò sì parọ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń san ọ̀pọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ ń lò, ọdọọdún ni wọ́n sì ń san án. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó ti lé ní 1,500 náírà kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Iná ńkọ́? Yàrá tí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá wà kò gbọdọ̀ gbóná tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti 68 náírà lọ sí 225 náírà fún ìwọ̀n kan. Ibi tí mo ti bá wọn jà ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń gé nígbà tí owó bá wọ́n. Wọn kì í gé jíìpù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ IT ni wọ́n ń gé, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó yẹ kó dúró de èyí tó bá bàjẹ́, lẹ́yìn náà àwọn òṣìṣẹ́ gan-an. Ọmọ tí wọ́n bá sì ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún kò tiẹ̀ nílò físà mọ́. Ó lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Ìkẹjà kó máa ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan ní London, kí wọ́n máa fi owó ilẹ̀ òkèèrè san án.

Àwọn mìíràn á ní kò sí ohun téèyàn lè ṣe, pé àwọn òyìnbó tó lówó náà ń ṣubú. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2024, àtúnṣe kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dúró káàkiri àgbáyé, bàálù ò lè gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe tún un ṣe: lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, èèyàn ló lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún wọn tàn. Ilé iṣẹ́ tó ti lé àwọn ọmọ IT rẹ̀ lọ, ta ni wọ́n fẹ́ rán?

Ẹrù tuntun sì ń dé. Òfin tó ń dáàbò bo àṣírí àwọn aráàlú tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti jẹ́ kí àjọ tó ń bójú tó o mọ̀ bí àwọn gbájúẹ̀ bá jí ohun tó lè pa aráàlú lára. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tún ti ń da orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà sínú àwọn ẹ̀rọ bíi ChatGPT kó lè bá wọn kọ lẹ́tà, ọmọ IT kò ní gbọ́ àyàfi lẹ́yìn tí aṣọ bá ti fà ya.

Mi ò ní kí wọ́n máa gbé àwọn ọmọ IT gẹ̀gẹ̀. Àwọn náà ní ẹ̀bi: òmíràn nínú wọn á máa sọ èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ kó lè dà bí ẹni ńlá, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí tí wọ́n bá àwọn mìíràn nínú ìwà jìbìtì. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí olórí wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín owó ilé iṣẹ́, kó lè sọ lédè tó yé ni pé bí ẹ bá gé báyìí, ohun tó máa bàjẹ́ nìyí. Kí báńkì náà sì máa sọ ohun tó bàjẹ́ gan-an fún wa àti ìgbà tó máa padà, dípò "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí" tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá.

Mo padà sí Bódìjà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti gbé ẹrù mi. Ìyá ti lẹ páálí kan mọ́ iwájú ìsọ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ ọ́: "Owó ọwọ́ nìkan là ń gbà lọ́jọ́ Sátidé."