Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Kì í Ṣe Irin Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Àwọn àgbà ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bó ṣe rí nìyẹn láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Ìyá kan kó àwo tánńganran jọ, ó tò wọ́n láti ilẹ̀ kan àjà, kò sì jẹ́ fi ọ̀kan bu ọbẹ̀. Òmíràn, góòlù ni tiẹ̀: ó ra ṣéènì lọ́dún yìí, ó wọ̀ ọ́ lọ òde mẹ́ta, ó gbé e padà fún alágbẹ̀dẹ góòlù, ó fi owó díẹ̀ lé e, ó gba èyí tó nípọn jù ú lọ. Apẹja ò lè rí àwọ̀n tuntun lọ́jà kó má fọwọ́ fà á wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta wà nílé. Kò sẹ́ni tó pe àwọn wọ̀nyí ní wèrè.

Ṣùgbọ́n kí baálé ilé gbé báàgì gígùn kan wọlé, kí irin mẹ́rìnlá wà nínú ẹ̀, kó tún wá ń sọ pé òun ń lọ fi méjì níbẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, ariwo á sọ. "Bàbá Rìsí, ṣé kò sí nǹkan? Ṣé irin lẹ fẹ́ máa jẹ ni?" Bàbá Rìsí á dákẹ́, kò ní lè ṣàlàyé. Àlàyé yẹn gan-an ló yẹ kí ìyàwó ọlọ́jà gbọ́, torí pé ọ̀rọ̀ ọjà ni, kò sì sí ohun tó wà nínú ẹ̀ tí ìyá alájàpá ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Eré olówó ni wọ́n ń pe gọ́ọ̀fù, wọn ò sì parọ́. Ikoyi Club 1938, tí ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ wà lára orúkọ ẹ̀, ní pápá gọ́ọ̀fù n'Ìkòyí. Ìkẹjà náà ní tiẹ̀ ní GRA. Ṣùgbọ́n eré náà ti sún mọ́ ilé báyìí. Ní Lakowe, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, pápá oníhò 18 wà níbẹ̀ létí omi. Ìbẹ́jú-Lẹ́kí nibẹ̀, ẹkùn Ẹ̀pẹ́ sì ni Ìbẹ́jú-Lẹ́kí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ibi tí olówó bá ti ń ṣeré, iṣẹ́ ò ní ṣàì wà fún ọmọ tálákà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gé koríko, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wakọ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní kádì ló sì ń gbé báàgì tẹ̀ lé ọ̀gá kiri. Ọ̀pá tí ọ̀gá ò bá fẹ́ mọ́, ọwọ́ wọn ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Láti ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wọ ìgboro.

Kí ni wọ́n wá ń fi irin mẹ́rìnlá ṣe? Òfin eré náà ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ju 14 lọ wọ pápá. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi òfin yẹn lélẹ̀ ní 1938, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní 1939, nítorí pé àwọn kan ti ń kó 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn kádì sì ń tẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tiẹ̀, bí ọ̀bẹ aláta ò ṣe jọ àdá alápatà. Èyí tó gùn jù, tí orí ẹ̀ rí bùgàjì, ni dráfà. Òun ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sọ́nà jíjìn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní áyọ́ọ̀nù ní nọ́ńbà lára: bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀pá ń kúrú sí i, tí ojú irin ń dagun sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù á lọ sókè fíofío, kò sì ní jìnnà. Wẹ́jì ni wọ́n fi ń yọ ọ́ nínú yanrìn. Pọ́tà ló ń rọra tì í sínú ihò.

Ibi tí adùn ti wọ̀ ọ́ rèé. Irin tó bá ẹnì kan lára mu lè má bá ẹlòmíràn mu rárá. Gíga èèyàn yàtọ̀, agbára apá yàtọ̀, àtẹ́lẹwọ́ yàtọ̀. Ọ̀pá kan le gbagidi, òmíràn ń tẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí apá ẹ̀ kò yá tó bá mú ọ̀pá líle, bọ́ọ̀lù ò ní lọ. Nítorí náà, ẹni tó nífẹ̀ẹ́ eré yìí gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọ wò ni. Bí télọ̀ ṣe ń fi àǹkárá díẹ̀ dán sísọ́ọ̀sì wò kó tó sanwó, bí kápẹ́ńtà ṣe ń ju òòlù sókè sílẹ̀ lọ́wọ́ kó mọ̀ bóyá orí ẹ̀ ò wúwo jù, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó rà á, ó gbá a fún oṣù méjì, ó rí i pé kò rọ̀ òun lọ́rùn, ó tà á fún ẹni tó rọ̀ lọ́rùn, ó tún ra òmíràn. Àwọn kan wà tí wọ́n gbádùn rírà, dídánwò àti pàṣípààrọ̀ yìí ju eré náà fúnra ẹ̀ lọ. Àìsàn kọ́, fàájì wọn ni.

Pápá náà ń dá kún un. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà ni kò ní koríko yí ihò ká. Yanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni. Ìdíje Nigerian Open ti fa àwọn òyìnbó ńláńlá wá sílẹ̀ wa. Sandy Lyle, ọmọ Scotland, gbà á ní 1978, kó tó lọ gba Masters l'Amẹ́ríkà ní 1988. Pọ́tà tó yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí koríko lè má ṣe é gbá lórí yanrìn. Ẹni tó bá yí pápá padà lè fẹ́ yí irin padà.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Karsten Solheim. Norway ni wọ́n bí i sí ní 1911, Amẹ́ríkà ló dàgbà sí. Bàtà ló ń tún ṣe nígbà kan, nígbà tí ọ̀dá owó lé e kúrò ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà ló di ẹnjiníà ní General Electric. Ó ti pé ọmọ ọdún 42 kó tó gbá gọ́ọ̀fù rí, pọ́tà ọwọ́ ẹ̀ ò sì ṣe é gbá. Kàkà kó máa ráhùn, ó wọnú gáráàjì ilé ẹ̀, ó rọ tiẹ̀ ní 1959. Bí irin náà bá kan bọ́ọ̀lù, á dún "píìn", ló bá sọ ọ́ ní Ping. Ní 1967, ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Títí di òní, Ping wà lára orúkọ tó ń ta jù lágbàáyé. Kọ́bìlà àná ni!

Orí dráfà náà ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ irin tẹ́lẹ̀. Igi ni, igi líle kan tí wọ́n ń pè ní persimmon, àfi ìgbà tí Gary Adams dá TaylorMade sílẹ̀ ní 1979 tó gbé èyí tí wọ́n fi irin ṣe jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni titanium dé, tó fúyẹ́ tó sì le. Bọ́ọ̀lù gan-an ní ìtàn. Ní 1898, Coburn Haskell l'Amẹ́ríkà gba ọ̀nà tuntun: ó fi okùn rọ́bà wé inú bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sì ń fò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní àkókò kan náà, láàárín 1894 sí 1899, ni àwọn ará ilẹ̀ wa ń wọ igbó Ìjẹ̀bú lọ dá igi ìrẹ́ lọ́gbẹ́, tí wọ́n ń gbe oje ẹ̀ lọ tà fún òyìnbó l'Ékòó. Wọ́n dá a lọ́gbẹ́ débi tí igi fi kú, òwò sì ṣubú. Ẹ̀kọ́ nìyẹn fún ẹni tó bá fẹ́ pa adìẹ nítorí ẹyin.

Ó yá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ owó. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irin wọ̀nyí ń gbé tuntun jáde lemọ́lemọ́, èyí tó bá ti dé lọ́dún tó kọjá á já lówó. Ká ní ẹnì kan ra dráfà tuntun ní ₦400,000, ó lò ó fún oṣù mẹ́fà, ó tà á ní ₦280,000. ₦120,000 ti bọ́. Ẹ fi mẹ́fà pín in, ₦20,000 lóṣooṣù ni owó fàájì ẹ̀. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní ₦280,000, tó tọ́jú ẹ̀ dáadáa, lè tún tà á ní ₦250,000. Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún péré ló pàdánù. Ẹni àkọ́kọ́ ló máa ń ru ẹrù tó wúwo jù, gẹ́gẹ́ bí mọ́tò tuntun ṣe ń rí pẹ̀lú tòkunbọ̀. Ọlọ́gbọ́n inú wọn ò kì í ra tuntun. Wọ́n ń dúró de ẹni tí tuntun ti sú.

Àmọ́ ṣá o, ayédèrú pọ̀ nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ayédèrú léèsì ni wọ́n ń ṣe ayédèrú dráfà. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání: bí wọ́n bá ní titanium ni, tí mágínẹ́ẹ̀tì sì lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀ gbà, titanium kọ́. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà ní ọrùn irin bóyá wọ́n ti fi nǹkan ha á. Ẹ wo ọ̀dà, ẹ wo lẹ́tà orúkọ bóyá ó wọ́. Ẹ wo rọ́bà ibi ìdìmú. Pàtàkì jù, bí owó ẹ̀ bá pọ́ọ́kú débi tó ń dẹ́rù bani, ẹ sá. Ẹ sì bèèrè bóyá ti ọlọ́wọ́ òsì ni, torí pé oníbàárà ẹ̀ ò pọ̀. Ti obìnrin náà wà, ó kúrú ó sì fúyẹ́ ju ti ọkùnrin lọ. Eré náà kì í ṣe tọkùnrin nìkan, Georgia Oboh, ọmọbìnrin Nàìjíríà, ti gbá a dé Ladies European Tour ní Yúróòpù.

Iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Rọ́bà ìdìmú máa ń gbó, wọ́n á bó o, wọ́n á fi téèpù ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì dì í, wọ́n á da epo díẹ̀ sí i kó lè yọ̀ wọlé, tuntun á sì wọ̀. Sípì báàgì máa ń já, okùn èjìká máa ń tú. Iṣẹ́ télọ̀ àti kọ́bìlà nìyẹn. Ọmọṣẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ò ní fi ebi sùn nítòsí pápá.

Ó wá ku ohun méjì tó ń fọ́ ilé. Àkọ́kọ́ ni ti ọkùnrin. Ẹni tó bá jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n àáké yẹn ti ìyàwó àtọmọ ni. Baálé ilé tó ní owó iléèwé ò tíì sí, tó wá ń gbé báàgì tuntun gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lóru, kì í ṣe fàájì ló ń ṣe mọ́, olè ló ń ja ara ẹ̀. Kí owó oúnjẹ, owó ilé, owó ọmọ ṣíwájú. Kí fàájì ní àpò tiẹ̀, kó má gba àpò ẹlòmíràn kọjá. Bí ọ̀kan bá fẹ́ wọlé, kí ọ̀kan kọ́kọ́ jáde. Kó sì sọ iye tó rà á fún ìyàwó, láìdín, láìlé.

Èkejì ni ti obìnrin, òun ló sì ń dunni jù. Ọkọ lè rìnrìn àjò, ọkọ lè kú. Báàgì wà ní kọ̀rọ̀, eruku bò ó. Ẹni tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kọjá, ìyàwó bínú kó gbogbo ẹ̀ lé orí òṣùwọ̀n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ò ju bíi kílò 6 lọ. Owó tí wọ́n ka sí i lọ́wọ́ lè má ra dẹ́rìká gàrí mélòó kan, bẹ́ẹ̀ iye tó wà nínú báàgì yẹn lè san owó iléèwé ọmọ fún ọ̀pọ̀ sáà. Obìnrin tí kò lè ta tùràrí ní iye iyanrìn lọ́jà ẹ̀, ló ta ohun ìní ilé ẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un.

Nítorí náà, ọkọ, jókòó ti ìyàwó ẹ. Tú báàgì sílẹ̀, sọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un, sọ iye ẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyàwó, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mú ọgbọ́n ọjà yín wá, ẹ bá a ná an. Ẹni tó ń ná ẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ tí ẹlẹ́ja fi ń rẹ́rìn-ín ìbínú, ṣé irin ló máa ká a lápá kò? Bí tọkọtaya bá jọ mọ iye tó wà nínú báàgì, fàájì ti di ìṣúra nìyẹn. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí nílé, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú-ìwé lẹ́tà, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.