Ta Ni Atamátàsé Jùlọ? Ẹ Má Yọ Ọlájuwọ́n Sẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí a fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wáyé lẹ́yìn ìpàdé ẹ̀ka wa, a kò sì lè gbójú fò ó.

Lẹ́yìn tí akọ̀wé ti pa ìwé dé, tí àwọn ìyá wa sì ń bu oúnjẹ, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn nípa bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní básíkẹ́tì. Ìbéèrè wọn ni pé, láti ọjọ́ tí eré náà ti dáyé, ta ni ó mọ bọ́ọ̀lù í jù sínú apẹ̀rẹ̀ jùlọ? Ọ̀kan ní Michael Jordan ni. Òmíràn ní LeBron James ni. Ẹ̀kẹta ní kò sí ẹni tó tó Stephen Curry, tí ó ń dúró lókèèrè ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ju òkò sí máńgòrò. Ẹnì kan tí ó mọ ìtàn dárúkọ Wilt Chamberlain. Ariwo ta, àga ṣubú, ṣùgbọ́n nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n pè, a kò gbọ́ Hakeem Ọlájuwọ́n. Nígbà tí bàbá kan bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ tiwa ńkọ́?" ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn: "Bàbá, adènà ni ìyẹn, kì í ṣe atamátàsé." Àgbà mìíràn tún fi tirẹ̀ kún un pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ti di ará Amẹ́ríkà, kì í ṣe tiwa mọ́.

Àwa kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, a kò sì fara mọ́ ti àgbà náà. Ìdí rẹ̀ tí a fi mú kálàmù nìyí.

Kí a tó sọ tiwa, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́, nítorí ẹni tí ó ń jà fún òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi irọ́ ṣe ohun ìjà. Chamberlain ju pọ́ìntì 100 nínú eré kan ṣoṣo ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 1962; ní sáà náà, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ pọ́ìntì 50.4 ní eré kọ̀ọ̀kan. Jordan ni ó ju pọ́ìntì jùlọ ní sáà 10, ìpíndọ́gba rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sì jẹ́ 30.1. James ré kọjá pọ́ìntì 38,387 ti Kareem Abdul-Jabbar ní oṣù Kejì, 2023, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹta, 2024, ó ti kọjá 40,000. Ní ti jíjù láti òkèèrè, kò sí ẹni tí ó ṣe é tó Curry. Ọlájuwọ́n ní tirẹ̀ ju 26,946, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 21.8. Bí ó bá jẹ́ ti kíkà nìkan, a ti fìdí rẹmi, kí a ká ẹní wa kí a máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ṣé kíkà nìkan ni? Ọdẹ tí ó pa ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́rẹ́ wà, ọdẹ tí ó pa ẹfọ̀n kan wà. Ta ni a ó pè ní ògbójú ọdẹ? Àwa ń bèèrè pé, ta ni ó dúró níwájú ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù? Ta ni ó ń ṣọ́ ọ? Kí ni ojú ẹni náà rí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 1994 àti 1995. Ipò tí Ọlájuwọ́n wà ni ipò àwọn gìrìpá, lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ gan-an. Ní àṣekágbá ọdún 1994, Patrick Ewing ti New York ni ó dojú kọ ọ́. Ìpíndọ́gba Ọlájuwọ́n jẹ́ 26.9, ti Ewing jẹ́ 18.9, Houston sì borí ní eré 4 sí 3. Ní 1995, kí wọ́n tó dé àṣekágbá, ó pàdé David Robinson ti San Antonio, ẹni tí ó ti gba ẹ̀bùn adènà tó dára jùlọ ní 1992. Kí eré wọn kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jùlọ ní ọdún náà lé Robinson lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Ọlájuwọ́n ń wò ó. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ó ju pọ́ìntì 41. Nígbà tí ìfigagbága wọn fi parí, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 35.3. Láti ibẹ̀ ó kọjá sọ́dọ̀ Shaquille O'Neal ti Orlando, òmìrán ọmọkùnrin. Eré mẹ́rin ni wọ́n gbá, Houston borí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ọlájuwọ́n kò sì ju ohun tí ó dín ní 30 nínú ẹyọ kan.

Ewing, Robinson, O'Neal: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ti kọ orúkọ wọn sínú gbọ̀ngàn àwọn ògbóǹtarìgì eré náà ní Amẹ́ríkà. Ẹfọ̀n ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ fi hàn wá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹlòmíràn tí ó dojú kọ irú àwọn mẹ́ta bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì, ní ojúkojú, tí ó sì ṣẹ́gun wọn.

Ẹ wá gbọ́ bí ó ti ń ṣe é, nítorí níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963. Ìṣẹ́ símẹ́ńtì títà ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà èwe rẹ̀, aṣọ́lé ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù afọwọ́gbá. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kí ó tó mọ básíkẹ́tì. Ní 1980 ó wọ yunifásítì Houston. Ní 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣa agbábọ́ọ̀lù tuntun, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú, Jordan sì ṣe ẹ̀kẹta. Kí ni ó mú lọ láti ilé? Ẹsẹ̀ ni. Yóò kọ ẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀, yóò mi èjìká sí ọ̀tún, ẹni tí ń ṣọ́ ọ yóò fò sókè. Kí onítọ̀hún tó balẹ̀, ẹsẹ̀ ti yí sí òsì, bọ́ọ̀lù ti wọlé. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní Dream Shake. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní èyí ní Houston. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé eré ẹlẹ́sẹ̀ ni ó fún òun ní ẹsẹ̀ náà.

A mọ ohun tí ẹ ó wí. Ẹ ó ní Jordan kò sí nílé ni ológbò ilé fi di ẹkùn. Òótọ́ ni pé Jordan fi eré sílẹ̀ ní 1993. Ṣùgbọ́n ó padà ní oṣù Kẹta, 1995, Orlando sì ni ó lé Chicago tirẹ̀ jáde, Orlando kan náà tí Houston na ní 4 sí 0. A gbà pé ara rẹ̀ kò tíì gbóná tán. Síbẹ̀, ṣé Ọlájuwọ́n ni ó ní kí ó lọ? A kì í bá ẹni tí ó wà lójú ogun wí nítorí ẹni tí kò wá.

Ẹ ó tún ní adènà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, adènà ni! Bọ́ọ̀lù 3,830 ni ó fi ọwọ́ gbá dànù kí ó tó wọ apẹ̀rẹ̀, títí di òní kò sí ẹni tí ó ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì NBA. Ní sáà 1993 sí 1994, ó gba ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jùlọ, ti adènà tó dára jùlọ, àti ti ẹni tó ta yọ ní àṣekágbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sáà kan ṣoṣo. Òun nìkan ni ó tíì ṣe é. Ṣé ẹni tí ó mọ ilẹ̀kùn í tì kò lè mọ ọ́n í ṣí ni?

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ilé wa, ẹ fi èyí sọ́kàn: ní oṣù Kejì, 1995, ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jùlọ ní oṣù náà. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì, ẹ̀yin náà ẹ bá wa yọ̀.

Bí gbogbo èyí kò bá tó, ẹ jẹ́ kí a pe ẹlẹ́rìí tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè kọ̀. Ní 2009, Kobe Bryant wá ọ̀nà lọ bá Ọlájuwọ́n kí ó kọ́ òun ní ẹsẹ̀ yẹn. Ní 2011, LeBron James, ẹni tí ẹ ń pariwo rẹ̀, lọ bá a ní Houston fún ẹ̀kọ́ kan náà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 2012, ó gba ife àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọn kò lọ kọ́ bí a ti ń dènà. Bí a ti ń ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n lọ kọ́. Ẹni tí onílù ń lọ bá kọ́ ìlù, ṣé ẹ ó ní kò mọ ìlù?

Nítorí náà, ìdájọ́ wa rèé. Ẹni tí pọ́ìntì rẹ̀ pọ̀ jù, James ni. Ẹni tí ìpíndọ́gba rẹ̀ ga jù, Jordan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kojú alágbára ìgbà ayé rẹ̀ ní ọ̀kánkán, tí wọn kò sì rí ọgbọ́n kankan ta sí i, Ọlájuwọ́n ni atamátàsé. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ kí ó wí tirẹ̀. Kí ó mú iye àti ọdún wá, kí ó fi ariwo sílé.

Ó ku ọ̀rọ̀ àgbà wa tí ó ní kì í ṣe tiwa mọ́. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fà á sẹ́yìn. Lóòótọ́ ni ó gba ìwé Amẹ́ríkà ní 1993, tí ó sì bá wọn gba wúrà Òlíńpíìkì ní 1996. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, níbo ni a wà? Ẹlòmíràn nínú wa bímọ sí Kánò, ó tọ́ ọ ní Kàdúná, ó sì gbé e ní ìyàwó ní Àbújá. Àwọn ọmọ wa ń sọ Haúsá bí ẹni mu omi. Nígbà tí wọ́n bá dé ilé, àwọn kan a pè wọ́n ní ará òkè Ọya. Bí wọ́n bá wà níhìn-ín, àwọn kan a bi wọ́n pé ìlú yín dà. Bí ìrìn àjò àti ìwé bá ń sọ ọmọ nù, ta ni yóò ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ yìí? Ohun tí ọkùnrin yẹn gbé kúrò ní Èkó ni ó fi borí ní Houston. Ohun tí a bá fi lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ ni wọn yóò fi borí ní ibikíbi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa jiyàn yín lọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún ń ka orúkọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.